Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Ni Mò Ń Jẹ́ Níwájú Dókítà

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ mi yìí bá tẹ̀ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ohun tí mo ṣe kò dáa, mo mọ̀. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń gbé e kiri. Mi ò lè sọ ọ́ fún ọkọ, torí ọkọ mi ti lọ. Mi ò lè sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, torí àwọn ọ̀rẹ́ mi, ẹnu wọn ò gba nǹkan mọ́ra. Mò ń sọ ọ́ báyìí torí pé bí mo bá tún dákẹ́, ìyá mi lè kú, á sì jẹ́ pé èmi ni mo pa wọ́n.

Ẹ má bi mí lórúkọ. Tí ẹ bá kà á débì kan, ẹ máa rí ìdí tí mi ò fi lè dárúkọ ara mi.

Ìṣẹ̀rí-Olófin là ń gbé, èmi àti Màmá. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n bí wa sí. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, ìsọ̀ mi wà níwájú ilé. Àwa obìnrin méjì péré ni Màmá bí. Rísí ni ẹ̀gbọ́n, ọdún kan ààbọ̀ ló fi jù mí lọ, torí náà orúkọ la jọ ń pe ara wa, Màmá sì máa ń bínú sí i. Ẹni tó bá rí wa pọ̀ máa ń rò pé ìbejì ni wá. Imú kan náà, iwájú orí kan náà. Ìwà la ò fi jọra. Rísí máa ń rọra sọ̀rọ̀. Èmi, ẹnu mi kì í sinmi. Màmá ní ẹnu mi ló lé ọkọ mi lọ. Bóyá òótọ́ ni ṣá.

Àìsàn kan náà ló mú Màmá àti Rísí. Ọkàn wọn kò lágbára mọ́. Ẹsẹ̀ wọn á wú, wọn ò ní lè sùn gbalaja, wọ́n á máa mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè. Dókítà ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wa. Oògùn kan náà ni wọ́n kọ fún àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n Rísí ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì fi orúkọ rẹ̀ sínú ètò ìlera. Owó táṣẹ́rẹ́ ló ń san lórí oògùn. Ètò yẹn gba ọkọ, ó gba ọmọ, kò gba ìyá. Iye tí wọ́n ń ta oògùn náà ní fámásì, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ ní í rà.

Rísí bá ń pín tirẹ̀ fún Màmá nígbàkígbà tí ti Màmá bá tán. Bóyá ohun tó pa á nìyẹn. Mi ò mọ̀, mi ò sì fẹ́ mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí òfin wọn ṣe rí, torí òun ló fa gbogbo rẹ̀. Dókítà ọkàn, èyí tó wà ní ọsibítù ńlá, òun nìkan ló lè sọ irú oògùn tí èèyàn máa lò. Ṣùgbọ́n kì í fúnra rẹ̀ kọ oògùn ẹ̀dínwó fún èèyàn. Lẹ́tà ló máa kọ sí dókítà àdúgbò tí èèyàn forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ti Rísí wà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Dókítà Ẹ̀gbẹ́dá yìí ló máa ń kọ oògùn náà lóṣooṣù, ohun tó bá sì wà nínú lẹ́tà ló lè kọ. Kò lè fi kún un, kò lè yọ kúrò níbẹ̀. Lẹ́tà náà sì ní gbèdéke. Tó bá ti parí, àfi kí èèyàn padà lọ bá dókítà ọkàn, kó tún un yẹ̀ wò, kó kọ òmíràn. Láìsí lẹ́tà, iye tí gbogbo ayé ń rà á lo máa rà á. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ yọjú sí àwọn méjèèjì.

Rísí kú ní àsìkò òjò. Ó wọ kẹ̀kẹ́ ní Ìdìmù nígbà tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Wọ́n ní ó kàn gbé orí lé èjìká obìnrin tó jókòó tì í ni, obìnrin náà sì gbà á bẹ́ẹ̀, ó rò pé oorun ló ń kùn ún. Ìgbà tí wọ́n dé Ìṣẹ̀rí ni wọ́n tó mọ̀. A sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ̀sìn ṣe wí.

Màmá wà lórí ibùsùn nígbà yẹn, ẹsẹ̀ wọn wú bí ìrọ̀rí. Àbúrò Màmá ọkùnrin, tí a ń pè ní Bàbá Ayọ̀bọ̀ torí ibẹ̀ ni wọ́n kọ́lé sí, ló kó ẹbí jọ. Wọ́n ní, "Ẹ má tíì tú u fún un o. Ọkàn tí kò gbé omi, ṣé òkú ọmọ ló máa wá gbé? Ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ yá díẹ̀ ná." Gbogbo wa fẹnu kò. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, a kì í já irú rẹ̀ lu abiyamọ lójijì. A sọ fún Màmá pé ilé-ẹ̀kọ́ gbé Rísí lọ sí ẹ̀ka wọn ní Àbújá, pé ó yá lójijì, pé fóònù kì í wọlé dáadáa níbẹ̀. Ojú Màmá ti ṣú ṣáájú ìgbà yẹn, òjìji èèyàn nìkan ni wọ́n ń rí. Wọ́n ní, "Kò mà dágbére fún mi."

Oògùn tó wà nílé wá tán. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbèrò ibi nígbà tí mo mú káàdì Rísí lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ó ti kú, kí n sì bẹ̀ wọ́n bóyá wọ́n lè ṣàánú Màmá. Mo fi káàdì náà sílẹ̀ lójú fèrèsé, mo lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó pe, "Rísíkátù." Ó wo ojú mi bó ṣe ń pè é. Mo dìde. Mo ní, "Mà."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Dókítà àtijọ́ tó mọ̀ wá ti lọ sí òkè òkun bí gbogbo wọn ṣe ń lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gba ipò rẹ̀. Ó wo fáìlì, ó wò mí, ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ yín dáa gan-an lónìí, mà. Oògùn yẹn ń ṣiṣẹ́." Ó kọ ọ́ bó ṣe wà nínú lẹ́tà. Ilé-ẹ̀kọ́ Rísí ti sanwó ètò náà sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí yọ orúkọ rẹ̀. Mo gbé oògùn délé, Màmá lò ó, ẹsẹ̀ wọn fà. Mo sọ fún ara mi pé ta ni mo jà lólè? Òkú ò kúkú béèrè oògùn.

Oṣù tó tẹ̀ lé e mo tún lọ. Mo lọ lèyí tó tún tẹ̀ lé e. Dókítà kékeré yẹn fẹ́ràn mi. Ó máa ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn aláìsàn tó kù, pé kí wọ́n wò mí, pé mo wà níbi tí kò sẹ́ni tó rò pé mo máa yè é. Ìyá kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú di ọwọ́ mi mú lórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí n fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ òun, kí tèmi ràn án. Mo fi ọwọ́ kàn án. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé nǹkan kan ń ṣe mí. Àwọn oníbàárà á dúró sẹ́nu ìsọ̀ mi, wọ́n á pe orúkọ mi títí, mi ò ní gbọ́. Wọ́n á wọlé wá fọwọ́ tọ́ mi. Wọ́n á ní, "Àbí o ti ń di adití ni?" Mo rò pé ariwo ẹ̀rọ ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo lọ ra òwú ní Ìkọ̀tún, ẹnì kan pe, "Rísí." Mo yí padà kíákíá, mo ti ní "Ẹ̀n" kí n tó ronú. Kò sẹ́ni tó ń wò mí. Ìkọ̀tún tóbi, Rísí kì í sì í ṣe orúkọ ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ohùn náà kò pariwo rárá. Ní etí mi ló ti sọ ọ́, bí ẹni pé a jọ ń rìn.

Gbèdéke lẹ́tà wá pé. Mo ní láti lọ bá dókítà ọkàn ní ọsibítù ńlá. Àgbàlagbà ni, aláìsàn rẹ̀ pọ̀, kì í gbójú sókè. Ó gbé ohun tó fi ń gbọ́ àyà sí mi lẹ́yìn, ó ní kí n mí. Ó gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́. Ó wá gbójú sókè wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Madam, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọkàn yín ti ń padà sípò." Ọkàn tó ń sọ yẹn ti wà nínú ilẹ̀ láti ìgbà òjò.

Ó kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ti ìgbà díẹ̀ ni. Ó ní tí mo bá padà wá tí mo ṣì rí bẹ́ẹ̀, òun máa kọ ọ́ sí dókítà Ẹ̀gbẹ́dá pé kó dá oògùn méjì dúró níbẹ̀. Ẹ sì rántí ohun tí mo sọ. Tó bá ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, dókítà Ẹ̀gbẹ́dá kò lè ṣe nǹkan kan mọ́. Oògùn méjì yẹn gan-an ló ń fa omi kúrò lára Màmá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ṣùtì sí mi. Mo pinnu pé màá kọ́ bí Rísí ṣe ń ṣàìsàn.

Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ìgbà wo ni mi ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Mo jókòó sí etí ibùsùn nínú yàrá mi lọ́sàn-án, mo na ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, mo tẹ̀ síwájú. Rísí máa ń mí sínú ní kúkúrú kúkúrú, ní ẹ̀ẹ̀mejì, kó tó mí jáde, á wá húkọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ikọ́ kékeré bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Mo ṣe é. Mo tún un ṣe. Nígbà tó yá, mi ò nílò láti ronú sí i mọ́.

Màmá wà ní yàrá kejì, pákó ló wà láàárín wa. Mo gbọ́ tí ibùsùn wọn dún. Wọ́n ní, "Rísí. O ti dé."

Kì í ṣe pé wọ́n ń béèrè. Wọ́n kàn sọ ọ́ ni. Ó yẹ kí n sọ pé èmi ni, pé eré ni mò ń ṣe. Mo lanu, mo ní, "Mo ti dé, Màmá." Ohùn Rísí ló jáde lẹ́nu mi, ohùn jẹ́jẹ́ yẹn. Mi ò mọ̀ pé ó wà lọ́fun mi.

Wọ́n pè mí wọlé. Wọ́n fi ọwọ́ pa mí lójú, wọ́n pa mí lórí, wọ́n ní mo ti rù, pé ṣé wọn kì í jẹun ní Àbújá ni. Wọ́n sunkún ayọ̀. Mo sọ pé mo gbàyè díẹ̀ níbi iṣẹ́ ni. Nígbà tí mo jáde, mo dúró níta díẹ̀, mo wá fi ẹsẹ̀ rin kíkankíkan wọlé bí èmi, mo pariwo pé oòrùn mú. Màmá ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ ti dé o." Mo ní, "Ẹ̀n? Ó dé tán kò yọjú sí mi ní ìsọ̀." Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ yẹn. Mò ń wọlé bí ẹnì kan, mò ń wọlé bí ẹnì kejì. Ẹnu mi tó máa ń pariwo yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ mí. Ti Rísí rọrùn láti ṣe ju tèmi lọ.

Mo padà sọ́dọ̀ dókítà ọkàn. Nígbà tí ó gbé nǹkan tútù yẹn lé ẹ̀yìn mi, ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ́. Mo kàn ń mí bí mo ṣe ń mí ni. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Ó ti padà. Omi ti wà nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró yín, bí mo ṣe gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá." Ó kọ lẹ́tà tuntun, ó dá gbogbo oògùn náà padà, ó fi kún un. Inú mi dùn. Ẹ wo irú ìdùnnú burúkú. Ìgbà tí mo wà nínú ọkọ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó pé mi ò ṣe nǹkan kan níwájú rẹ̀. Ohun tó wà lára mi báyìí, orúkọ Rísí ni wọ́n fi kọ ọ́. Kò sí dókítà kankan tó mọ̀ mí ní orúkọ tèmi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Màmá pè mí jókòó. Bí Rísí ni mo wà lọ́jọ́ náà. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Rísí, mo ti ń ṣọ́ yín. Ìwọ àti àbúrò ẹ kì í wà nínú ilé yìí pọ̀ mọ́. Tó bá wà, o ò sí. Tó o bá wà, kò sí. Ó sì pẹ́ tí ọmú ti ń ta mí. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń fi òkú pamọ́ fún mi. Ẹnì kan ń ṣe ohùn rẹ̀ fún mi kí n má baà mọ̀." Wọ́n ní, "Àbúrò ẹ ló kú, àbí?"

Ọlọ́run ló mọ ohun tó gbé mi dé ìdí rẹ̀. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ibi tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ gan-an nìyí, ẹ jọ̀ọ́. Màmá sunkún mi. Wọ́n fi oríkì mi pè mí, èyí tí wọn ò fi pè mí mọ́ láti ìgbà tí mo ti lọ́kọ. Wọ́n ní, "Àmọ̀kẹ́, Àmọ̀kẹ́ mi, ọmọ tó ń bú mi tó tún ń wẹ ẹsẹ̀ mi. Ta ló máa pariwo nínú ilé yìí fún mi?" Ní gbogbo ayé mi, mi ò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀. Rísí ni mo rò pé wọ́n fẹ́ràn. Mo jókòó níbẹ̀, mò ń gbọ́ ọ, ó sì ń dùn mọ́ mi. Mo lè dá wọn dúró. Mi ò dá wọn dúró, torí mo fẹ́ gbọ́ sí i.

Wọ́n ní kí n má sọ fún Bàbá Ayọ̀bọ̀ pé wọ́n ti mọ̀, pé òpùrọ́ ni gbogbo ẹbí. Wọ́n ní ká ṣe sàárà. Wọ́n ní kì í ṣe òkú àgbà, kí n má ṣe dín àkàrà, kí n se ẹ̀wà fún àwọn ọmọ kéwú. Èmi ni mo se ẹ̀wà òkú ara mi. Èmi ni mo bù ú fún àwọn ọmọ náà. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní kí Ọlọ́run dárí ẹ̀ṣẹ̀ òkú jì í, mo sì ṣe àmín. Láti ọjọ́ yẹn mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ mi. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń pè é o. Mi ò kàn gbọ́ ni.

Ohun tó wá dé báyìí rèé. Màmá kò lo oògùn mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n pa ẹnu dé. Wọ́n ní, "Ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ rin kiri nítorí oògùn mi ti lọ. Kí ni mo tún ń lò ó fún?" Oògùn náà kún inú àpótí, gbogbo irọ́ tí mo pa ló wà nínú àpótí yẹn, Màmá ò sì fẹnu kàn án. Ẹsẹ̀ wọn ti tún wú dé orúnkún.

Mo pinnu lánàá pé màá sọ òótọ́. Mi ò fẹ́ wọlé bí Rísí. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn lójú ọ̀sán, mo fi ohùn ara mi pè wọ́n, ohùn mi gan-an, bí mo ṣe máa ń pariwo tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Màmá! Èmi ni o!"

Wọ́n yí ojú wọn tó ti ṣú sí ibi tí mo dúró sí. Wọ́n di tẹ̀sùbáà wọn mú. Ògiri yàrá mi ni wọ́n kọjú sí, wọ́n rọra sọ̀rọ̀ sí i, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n gbọ́. Wọ́n ní, "Rísí, ṣé o gbọ́ ọ? Àbúrò ẹ ló ń pè wá. Má jẹ́ ẹ o, ọmọ mi. Má dá a lóhùn."

Yàrá mi ṣófo. Mo sì gbọ́ tí ẹnì kan húkọ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti ṣẹ dókítà Ẹ̀gbẹ́dá tó gbà mí gbọ́, mo sì máa lọ kúnlẹ̀ fún un bó bá tilẹ̀ máa fi ọlọ́pàá mú mi. Ti Màmá ni mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe. Tí mo bá jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo wà láàyè, Rísí ló máa kú mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tí mi ò bá sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀, wọ́n máa bá mi kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, kí ẹ sì sọ fún mi. Báwo ni òkú ṣe ń ṣe é tí ìyá rẹ̀ fi máa jẹ́ ìpè rẹ̀?